Akápò kì í ṣe oyè: ohun tí oníṣòwò Júù ń ṣe nínú ẹgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Chicago ni mò ń gbé, mo sì ní ilé ìtajà méjì tí mo ti ń ta oúnjẹ ilé wa. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ Júù ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú òwò. Ìwé tí wọ́n pín níbi àpèjẹ rẹ̀ ni mo kà tí ẹnu fi yà mí: ó ti ṣe ààrẹ sínágọ́gù rẹ̀, ó ti darí ìdáwó fún àpapọ̀ ẹgbẹ́ àánú àwọn Júù, ó wà nínú ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù ìlú, ó sì tún ṣe alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń rí àkókò? Ṣé owó ló gbé wọn débẹ̀ ni, àbí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí fẹ́ kí n ṣe akápò, ẹgbẹ́ ilé-ìwé mi àtijọ́ náà sì ń pè mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Bí wọ́n bá rí irú àkọsílẹ̀ tí ẹ rí yẹn, wọ́n á ní àwọn Júù ní àṣírí kan tí wọ́n fi ń gbé ara wọn ga. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ní ìlànà, tí ìtàn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ó ṣòro kí oníbàárà yín tó ti ìta wọlé kó di ààrẹ lọ́jọ́ kan. Irú wọn máa ń ti inú ìgbìmọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí owó iná àti òrùlé tó ń jò, kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Ìdí tí ẹgbẹ́ fi pọ̀ láàárín wọn ní Amẹ́ríkà ti pẹ́. Ní 1654, àwọn Júù mẹ́tàlélógún sọ̀ kalẹ̀ ní New Amsterdam, ìlú tó di New York lẹ́yìn náà. Recife ní Brazil ni wọ́n ti sá wá, nígbà tí àwọn Potogí gba ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Dutch. Gómìnà Peter Stuyvesant kò fẹ́ rí wọn sójú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwọn Dutch, West India Company, tó ni ìlú náà máa gbà kí wọ́n dúró ní 1655, ó fi àdéhùn kan tì í: àwọn tálákà àárín wọn kò gbọ́dọ̀ di ẹrù sí ìlú lọ́rùn, àwọn ènìyàn wọn ni kó máa bọ́ wọn. Àdéhùn yẹn ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìwà tó kọ́ wọn kò kúrò. Ó sì bá ohun tí ẹ̀sìn wọn ti ń kọ́ wọn mu. Maimonides, rábì àti oníṣègùn tó gbé ní Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejìlá, to ọrẹ àánú sí ipele mẹ́jọ. Èyí tó fi sí òkè pátápátá ni pé kí o yá ẹni tó ń ṣubú lówó, tàbí kí o bá a da òwò pọ̀, tàbí kí o wá iṣẹ́ fún un, kí ó má baà dé ibi tí yóò ti máa tọrọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ oníṣòwò ni. Ẹni tó mọ òwò nìkan ló lè ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹgbẹ́ wá ń hù bí olú. B'nai B'rith bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1843, láti tọ́jú aláìsàn, opó àti ọmọ òrukàn. Ní 1852, àwọn Júù dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀ ní ìlú kan náà, òun ló ń jẹ́ Mount Sinai báyìí. Nígbà tó máa fi di ọdún 1890 sí 1900, tí àwọn Júù ń ya wọ Amẹ́ríkà láti Rọ́ṣíà, olùdáwó kò sinmi mọ́. Ilé ọmọ òrukàn á kanlẹ̀kùn ìsọ̀ oníṣòwò, ilé ìwòsàn á tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ àwọn arúgbó á dé lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Àwọn oníṣòwò ló ní ó tó gẹ́ẹ́: ìdáwó kan péré lọ́dún, àpò kan, ìgbìmọ̀ kan tí yóò jókòó yẹ ìnáwó gbogbo ẹgbẹ́ wò, tí yóò sì pín in. Boston ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1895, Cincinnati tẹ̀lé e ní 1896, ìlú yín Chicago ní 1900. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Federation, òun sì ni oníbàárà yín darí ìdáwó fún. Ìrònú ẹni tó ń fi owó ra ọjà, tó sì fẹ́ mọ ibi tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà, ló bí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ẹnì kan, ọmọ Chicago yín níbẹ̀, torí ìgbésí ayé rẹ̀ ló dáhùn ìbéèrè yín jù lọ. Julius Rosenwald ni. Ọdún 1862 ni wọ́n bí i ní Springfield, Illinois. Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà. Kò parí ilé-ìwé girama tó fi lọ kọ́ṣẹ́ òwò aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní New York. Ní 1895, òun àti àna rẹ̀, Aaron Nusbaum, fi $75,000 ra ìdajì ilé-iṣẹ́ Sears, Roebuck, tó ń fi ìwé àwòrán ọjà ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀, tó sì ń fi ọjà ránṣẹ́ sí wọn láti ọ̀nà jíjìn: aṣọ, aago, ẹ̀rọ ìránṣọ, irin iṣẹ́ oko. Ní 1908 ó di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà. Olówó ńlá ni.

Ṣùgbọ́n kí owó yẹn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló ti ń jókòó sábẹ́ Rábì Emil G. Hirsch ní Chicago Sinai Congregation. Hirsch kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́. Ó máa ń wàásù sí àwọn olówó ìjọ rẹ̀ lójúkojú pé ẹ̀tọ́ tálákà wà nínú ọrọ̀ wọn. Rosenwald gba ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó wọ inú Associated Jewish Charities, Federation Chicago ti 1900 yẹn, ó sì darí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́, kí ó tó gbé e lọ síta. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn mi fẹsẹ̀ lé. Inú ilé ni ènìyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó ẹgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń fara da ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé àbá rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìfi í wọ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ìrẹ́pọ̀ ló wà láàárín wọn nígbà gbogbo. Àwọn Júù tó ti Jámánì wá ti rí jájẹ nígbà yẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Rọ́ṣíà àti Poland, tí wọ́n kún agbègbè Maxwell Street fọ́fọ́, ni wọ́n ń gba àánú. Àwọn wọ̀nyí ní àwọn olówó ń fojú kékeré wo àwọn, àti pé oúnjẹ ilé ìwòsàn wọn kò bá òfin oúnjẹ Júù mu. Ní 1912 wọ́n dá Federation tiwọn sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Chicago fi ní méjì, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ ní 1923. Nínú ilé Rosenwald pàápàá, ọ̀nà àwọn ọmọ kò papọ̀. William wà lára àwọn tó dá United Jewish Appeal sílẹ̀ ní 1939, ẹgbẹ́ tó ń kó owó jọ fún àwọn Júù ní Yúróòpù àti Palẹ́sítínì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lessing sì ṣe ààrẹ American Council for Judaism, ẹgbẹ́ tó ta ko ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Júù. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ yóò wà ní ìṣọ̀kan pátá kó tó dara pọ̀ mọ́ ọn, yóò dúró pẹ́.

Bí Julius ṣe ń fún ni lówó ló yàtọ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Rosenwald kì í sáábà fúnni lówó kó sì kọjá lọ. Ó máa ń ní: èmi yóò mú èyí wá, bí ẹ̀yin náà bá mú tiyín wá. Ní 1917, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ebi ń pa àwọn Júù ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Joint sì ń wá $10,000,000. Ó ṣèlérí $100,000 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó kù bá kó jọ. Kò sọ pé òun fún wọn ní mílíọ̀nù kan kí gbogbo ènìyàn sì padà sílé lọ pàtẹ́wọ́. Ó mú kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa wojú èkejì.

Ṣáájú ìyẹn ló ti ṣe é fún àwọn tí kì í ṣe Júù. Nígbà tí 1911 wọlé, ó kéde pé ìlú yòówù ní Amẹ́ríkà tó bá kó $75,000 jọ láti kọ́ ilé YMCA fún àwọn adúláwọ̀, tí wọn kì í gbà sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, òun yóò fi $25,000 kún un. Ẹgbẹ́ Kristẹni ni YMCA, Júù lòun, kò dí i lọ́wọ́. Ó lé ní ogún ìlú tó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà wà nítòsí yín, ní Wabash Avenue. Inú rẹ̀ ni Carter G. Woodson, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ adúláwọ̀, ti dá ẹgbẹ́ ìwádìí ìtàn àwọn adúláwọ̀ sílẹ̀ ní 1915, ẹgbẹ́ tí oṣù ìtàn adúláwọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní February ti jáde.

Lọ́dún 1911 yẹn kan náà ló pàdé Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ adúláwọ̀. Ọdún kejì ló wọ ìgbìmọ̀ olùdarí Tuskegee, ilé-ẹ̀kọ́ tí Washington dá sílẹ̀ ní Alabama. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún ní 1912, ó fún Tuskegee ní $25,000. Washington kò ná an tán, ó sì béèrè bóyá òun lè fi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù kọ́ ilé-ìwé kéékèèké mẹ́fà fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní ìgbèríko. Nígbà yẹn, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ahéré jíjò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kàwé, torí pé ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà kì í kọ́ ilé-ìwé tó dára fún wọn. Mẹ́fà yẹn di ogunlọ́gọ̀. Nígbà tí ètò náà fi máa parí ní 1932, ilé-ìwé 4,977 ti dúró ní ìpínlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yàtọ̀ sí ilé olùkọ́ 217. Àwòrán ilé ti wà ní títẹ̀ sínú ìwé fún gbogbo ìlú tó bá fẹ́ kọ́, fèrèsé gíga tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, torí iná mànàmáná kò sí lábúlé. John Lewis, tó di aṣòfin ńlá lẹ́yìn náà, jókòó nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní Alabama.

Ẹ wá wo bí owó ṣe jáde. Gbogbo ètò náà gba nǹkan bí $28,400,000. Owó Rosenwald nínú rẹ̀ tó $4,300,000. Àwọn adúláwọ̀ ìgbèríko fúnra wọn, àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó $4,700,000 jọ. Tiwọn pọ̀ ju ti olówó lọ! Wọ́n ta adìyẹ, wọ́n ta ẹyin, àwọn ìyá se oúnjẹ tà, àwọn kan ya apá kan oko òwú sọ́tọ̀ tí èrè rẹ̀ jẹ́ ti ilé-ìwé nìkan. Ẹni tí kò lówó gé igi, ó sì fà á wá. Owó orí ìjọba ló gbé èyí tó ju ìdajì lọ, torí àdéhùn ni pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ilé náà sọ́wọ́ kó sì san owó olùkọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bá ètò yìí jà títí dòní, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Àwọn adúláwọ̀ yẹn ti san owó orí tẹ́lẹ̀, a sì tún ní kí wọ́n dáwó kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n ń fún ọmọ aláwọ̀ funfun lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun sì wà níbẹ̀, ilé-ìwé náà kò fọwọ́ kàn án. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Síbẹ̀, lójú mi, ohun tí àdéhùn yẹn ṣe ga: kò sí abúlé kankan nínú wọn tó lè sọ pé ilé-ìwé Rosenwald ni. Tiwọn ni, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ohun ìní wọn.

Owó yìí dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá náà. Rosenwald Fund, tó dá sílẹ̀ ní 1917, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn adúláwọ̀ ọlọ́pọlọ ní owó ìwádìí àti iṣẹ́ ọnà láti 1928. Du Bois tó jẹ́ òǹkọ̀wé gbà nínú rẹ̀, Marian Anderson tó jẹ́ akọrin gbà, Ralph Bunche tó di aṣojú ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà. Onímọ̀ èdè kan, Lorenzo Dow Turner, fi tirẹ̀ lọ sí Bahia ní Brazil ní 1940, ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání. Ó gba ohùn àwọn ọmọ ilé òrìṣà tí wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá, tí wọ́n ń kọ orin òrìṣà. Lára wọn ni Martiniano do Bonfim, babaláwo tó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó. Ohùn wọn ṣì wà ní yunifásítì Indiana, ìpínlẹ̀ tó bá tiyín pààlà. Nígbà tí mo bá rántí pé òwò aṣọ àti aago ló ra ẹ̀rọ tó gba ohùn bàbá yẹn sílẹ̀, orí mi máa ń wú.

Mùsíọ́mù tí oníbàárà yín wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ńkọ́? N kò mọ èyí tó jẹ́ nínú mùsíọ́mù Chicago, ṣùgbọ́n ẹ mọ Museum of Science and Industry. Rosenwald ti rí irú rẹ̀ ní Munich pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ William, ẹ̀rọ tí ọmọdé lè fọwọ́ tẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́. Ní 1926 ó ṣèlérí $3,000,000 kí Chicago lè ní tirẹ̀. Àwọn yòókù fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1933, ó ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Fund rẹ̀ pàápàá, ó ti pàṣẹ pé kí wọ́n ná gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú òun, torí ó gbà pé ìran kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó fi owó rẹ̀ yanjú ìṣòro rẹ̀. Wọ́n tì í pa ní 1948.

Ti akẹ́kọ̀ọ́jáde kò gùn. Ọ̀nà yunifásítì kò tẹ́jú fún àwọn Júù. Ní 1922, ààrẹ Harvard, A. Lawrence Lowell, fẹ́ kí wọ́n fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin iye Júù tí yóò máa wọlé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì ń ṣe irú rẹ̀ láìkéde. Nítorí náà, nígbà tí Júù bá di alága akẹ́kọ̀ọ́jáde lónìí, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti há mọ́ bàbá rẹ̀ ló gbà wọlé. Nígbà tí àwọn Júù dá yunifásítì Brandeis sílẹ̀ nítòsí Boston ní 1948, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní akẹ́kọ̀ọ́jáde kankan tí yóò dáwó fún un. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, Abram Sachar, wá ń pe àwọn oníṣòwò tó ń ràn án lọ́wọ́ ní akẹ́kọ̀ọ́jáde àgbàtọ́. Inú wọn dùn sí i, torí ọ̀pọ̀ wọn kò rí yunifásítì lọ. Rosenwald náà kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, bẹ́ẹ̀ ló sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì Chicago láti 1912 títí ó fi kú. Michael Bloomberg, oníṣòwò Júù tó di olórí ìlú New York, ní tirẹ̀ jáde ní yunifásítì Johns Hopkins ní 1964. Ní 1965 ó fi $5 ránṣẹ́ sí wọn, ohun tí agbára rẹ̀ ká nìyẹn. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ibẹ̀ láti 1996 sí 2002. Ní 2018 ó fún wọn ní $1,800,000,000 kí ọmọ tálákà lè wọlé. Ẹ fojú sí $5 yẹn ju èyí tó kẹ́yìn lọ.

Ẹ béèrè àkókò. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Federation tàbí ní sínágọ́gù ńlá, òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni. Ààrẹ àti akápò kò gba owó. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n yan ọ̀gá òṣìṣẹ́ náà, kí wọ́n yẹ ìnáwó wò, kí wọ́n sì tọ́ ọ sọ́nà. Rosenwald ní akọ̀wé tó ń bá a bójú tó ọ̀rọ̀ ọrẹ nìkan, William C. Graves. Sáà oyè máa ń ní òpin, lẹ́yìn náà ẹlòmíràn á gbà á. Nípa báyìí, ipò mẹ́rin tí ẹ rí nínú ìwé yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọdún ni. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ìdáwó, òfin wọn kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹni tí kò tíì dá tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ bá ẹlòmíràn pé kó dá. Agbẹjọ́rò ló ń lọ bá agbẹjọ́rò, oníṣòwò ilé ló ń lọ bá oníṣòwò ilé, torí wọ́n mọ ohun tí agbára ara wọn ká.

Ṣé èrè wà níbẹ̀ fún òwò? N kò ní tàn yín. Ó wà. Àwọn tí ẹ bá jọ ń ṣe ìpàdé fún ọdún mẹ́fà yóò mọ̀ bóyá ẹ máa ń mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí èrè yẹn wà gan-an ni ewu wà. Bernard Madoff, Júù tó ń gba owó àwọn ènìyàn pé òun yóò fi dókòwò fún wọn, ṣe akápò ìgbìmọ̀ yunifásítì Yeshiva, ti àwọn Júù, ní New York, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ibẹ̀. Àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún un nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní “tiwa ni”, nítorí náà wọn kò yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ní December 2008 tí ọlọ́pàá mú un, ó hàn pé owó tó ń san fún àwọn kan, owó àwọn mìíràn ni. Yeshiva pàdánù, Hadassah, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìwòsàn ní Jerúsálẹ́mù, ní owó lọ́wọ́ rẹ̀, àjọ tí Elie Wiesel, òǹkọ̀wé tó la ìpakúpa àwọn Júù já, dá sílẹ̀ sì pàdánù $15,200,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó ní. Wọ́n sọ Madoff sẹ́wọ̀n 150 ọdún ní 2009. Ìfẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n fi rọ́pò ìwé owó.

Ó kàn yín wàyí. Ẹ gba akápò ẹgbẹ́ ìlú yín, ṣùgbọ́n kí ẹ gbà á bí iṣẹ́, kí ẹ má gbà á bí oyè. Òwò yín ti kọ́ yín ní ohun tí ẹgbẹ́ náà kò ní: ẹ mọ bí a ṣe ń mọ ọjà tó sọnù. Kí ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó gbà pé ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, pé ẹgbẹ́ kò ní yá ọmọ ẹgbẹ́ kankan lówó títí kan ẹ̀yin fúnra yín, pé ẹgbẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ra ọjà lọ́wọ́ yín nígbà àpèjẹ, bí ẹ tilẹ̀ ń ta ọjà náà ní ẹ̀dínwó. Èyí tó kẹ́yìn yẹn yóò dùn yín díẹ̀. Ẹ fara mọ́ ọn. Ẹ dá sáà yín fún wọn, ọdún méjì ó pọ̀ tó, kí ẹ sì mú ọ̀dọ́ kan mọ́ra tí yóò máa wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé sí ilé, ẹ ṣe bí Rosenwald: ẹ ní kí ẹ̀ka ìlú kọ̀ọ̀kan àti àwọn ará ilé mú tiwọn wá kí owó Chicago tó jáde.

Ẹgbẹ́ ilé-ìwé yín àtijọ́ lè dúró. Ẹ máa fi ohun kékeré ránṣẹ́ sí wọn lọ́dọọdún láìgba ipò, títí sáà ti ẹgbẹ́ ìlú yóò fi parí. Ẹni tó bá gba akápò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní ka ìwé èyíkéyìí délẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 501(c)(3), tó yọ ẹgbẹ́ àánú kúrò nínú sísan owó orí, ọdọọdún ló gbọ́dọ̀ fi ìwé ìròyìn owó, Form 990, ránṣẹ́ sí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà. Kódà ẹgbẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò ju $50,000 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ fi ti kékeré, 990-N, ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn kò bá ṣe é fún ọdún mẹ́ta léraléra, ipò náà á bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì dáwó kò ní lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí rẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì IRS lálẹ́ òní. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí akápò tó ń kúrò kó ìwé owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ti báǹkì wá fún yín, kí ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó dá wọn lóhùn. Bí ó bá ní kò sí, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó wọn. Kíkó àwọn ìwé náà jọ, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ báǹkì, ni iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ìpàdé gbogbogbòò gbọ́ ohun tí ẹ bá rí kí wọ́n tó búra fún yín.